Ta Ló Ń Kan Ilẹ̀kùn Obìnrin Náà?

Fèrè ilé iṣẹ́ ni a fi ń mọ àkókò ní àgbàlá wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí ti ilé iṣẹ́ aláṣọ bá ké ní òwúrọ̀, ìyá mi á mọ̀ pé ó yẹ kí omi ẹ̀kọ wa ti hó. Ti ilé iṣẹ́ bisikíìtì ló ń tẹ̀ lé e, ohùn tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ohùn obìnrin tó ń pe ọmọ rẹ̀ láti òkèèrè. Ti àwọn tó ń ṣe ìkòkò irin ló ń kẹ́yìn, ó máa ń wúkọ́ bí àgbàlagbà tí ikọ́ ń bá jà. Afẹ́fẹ́ láti ìhà Ìkẹjà á gbé òórùn bisikíìtì wá bá wa ní ẹ̀yìn Agége níbi tí a wà, àwa ọmọdé á sì máa fi òórùn náà mu ẹ̀kọ tí kò ní ṣúgà. Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí ni àwọn fèrè náà bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Wọ́n ní Sáàpù ni. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun ni Sáàpù. Mo rò pé ọkùnrin kan ni, nítorí bí àwọn àgbà ṣe ń bú u. Lọ́jọ́ tí fèrè aláṣọ kò ké mọ́, ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, gbé orí sókè nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà, ó tẹ́tí díẹ̀, ó ní, "Ó ti kú," bí ẹni pé aládùúgbò kan ni, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Ilé náà gùn bí ọkọ̀ ojú irin. Yàrá ń dojú kọ yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó ṣókùnkùn wà láàárín wọn, sítóòfù kẹrosíìnì tò síbẹ̀ bí àwọn ọmọ ogun tó ń dúró de ọ̀gá wọn. Bàbá mi ni ọba ibẹ̀. Kì í ṣe pé òun ló ni ilé. Òun ló ni fídíò. Akọ̀wé ni ní Aláúsá, ó sì ti ra tẹlifíṣọ̀n àti fídíò náà nígbà tí owó ṣì ń jẹ́ owó. Ó fi ọ̀rá bo rìmóòtù, ó fi aṣọ funfun tí ìyá mi hun bo tẹlifíṣọ̀n, bó bá sì fẹ́ ṣí aṣọ náà, ó ń ṣe é bí gómìnà ológun tó wá ṣí ẹ̀rọ omi tí kò lómi nínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ìkọ́kọrẹ́ ìyá àgbà bá ti jókòó sínú wa dáadáa, tí iná bá sì wà, gbogbo ilé á gbé àpótí wọn wá sí yàrá wa, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí. Ẹni tí kò bá ráyè nínú á wò láti ojú fèrèsé. Bàbá mi ló ń túmọ̀ òyìnbó inú fíìmù fún ìyá àgbà. Òṣèré lè sọ̀rọ̀ gígùn bí ìwàásù, bàbá mi á ní, "Ó ní kò gbà." Òmíràn lè sọ ọ̀rọ̀ kan péré, bàbá mi á sì túmọ̀ rẹ̀ títí fíìmù á fi kọjá ibẹ̀.

Fíìmù wíwò nílé wa ní òfin, iná ló sì mú òfin náà wá. Nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí fíìmù parí kí wọ́n tó mú iná lọ, ìyá àgbà ti fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde títí a ó fi fi ẹnu parí rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìtàn tí wọn kò bá parí á máa tẹ̀ lé ọmọdé wọ orí ẹní. Nítorí náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á béèrè ohun kan tí fíìmù náà kò dáhùn, àwọn tó kù á sì jọ wá ìdáhùn sí i. Bàbá mi rí i pé èyí jọ ìpàdé, ó bá sọ ara rẹ̀ di alága. Á fi ìdérí bírò gbá tábìlì, á ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é létòlétò." Bí iná bá padà dé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kì í wo èyí tó kù mọ́, tiwa ti parí. Mo ti jókòó láti ìgbà náà nínú gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ ń mú tutù, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ̀rọ̀ lórí fíìmù, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ńláńlá gún ara wọn nídìí. Mo ń dúró kí ẹnì kan béèrè irú ohun tí wọ́n ń béèrè ní àgbàlá wa. Mo ṣì ń dúró.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í béèrè ohunkóhun ni Màmá Ràṣídì. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, nítorí kò lè wòran lásán. Bó ṣe ń wò ni á máa di bisikíìtì fífọ́ sínú ọ̀rá kéékèèké. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ga, ó ń rìn bí ẹni tó ru ẹrù kódà nígbà tí orí rẹ̀ ṣófo. Ilé iṣẹ́ aláṣọ ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí fèrè ibẹ̀ dákẹ́, ó tẹ̀ lé àwọn tó ń gba Kánò lọ sí Líbíyà, ó ní òun á ránṣẹ́. Ẹnì kan rí i ní Kánò; lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Àwẹ̀ kan dé, ó lọ, òmíràn dé, òun náà lọ. Màmá Ràṣídì ń lọ sí ẹnu géètì ilé iṣẹ́ bisikíìtì, ó ń kó èyí tó fọ́ ní àpò-àpò, ó ń tà á fún àwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn tó ń gba ojú irin kọjá, ó sì ń fi bọ́ Ràṣídì, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí òun àti èmi jọ wà ní kíláàsì. Ẹ̀gbọ́n Màmá Ràṣídì ọkùnrin, Làmídì, tó ń fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀bù kẹ́rù, ti ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé bí Iléyá bá ti kọjá, òun ń bọ̀ wá kó àbúrò òun àti ọmọ rẹ̀ lọ sílé, torí obìnrin kì í dá gbé Èkó. Gbogbo ẹni tó bá bá a sọ ọ́, ìdáhùn kan náà ló ń fún un.

"Tí ọkọ mi bá wá dé ńkọ́? Tó kanlẹ̀kùn, tó wá jẹ́ ẹlòmíì ló ṣí i fún un?"

Ilé tí gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń ní èsì ni ilé wa, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní.

Ṣẹ́gun Fídíò ló gbé fíìmù tí mo fẹ́ sọ yìí wá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ojú irin, tó ti ń yá àwọn èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń da fíìmù láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní olùpín fíìmù fún gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ó ní ká má jẹ́ kí ọmọ kékeré wò ó. Ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ọmọ kékeré tètè dé.

Ayé ti parí nínú fíìmù náà kí orúkọ àwọn òṣèré tó tán lójú. Àrùn kan ti jà, ó ti sọ èèyàn di ẹ̀dá tí kò lójú mọ́, tí kò nímú, àmọ́ tó ní ohùn. Ohùn ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti jẹ ni ohùn wọn. Wọ́n á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ, wọ́n á fi ohùn ìyá rẹ pè ọ́. Bí o bá ṣílẹ̀kùn, ó tán. Ìyá àgbà sọ wọ́n ní Apenijẹ, orúkọ náà sì dára ju èyí tí àwọn aláwọ̀ funfun fún wọn lọ. Obìnrin kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ sá pa mọ́ sí òkè ilé iṣẹ́ kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí a rí àwọn ẹ̀rọ tó dákẹ́ nínú rẹ̀, eruku lórí wọn, gbogbo wa sún àpótí wa síwájú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà wa, a sì mọ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọkọ obìnrin náà jáde lọ wá oògùn, kò padà. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Níkẹyìn, wọ́n kanlẹ̀kùn. Ohùn ọkọ rẹ̀ ló ń pè é. Obìnrin náà dìde, ó gbé ọwọ́ lé irin tó fi há ilẹ̀kùn, lójijì ojú tẹlifíṣọ̀n funfun báláú, ó sì ń hó ṣùù bí òróró tí omi kán sí.

Iná kò lọ. Ohun tó dẹ́rù bà wá jù nìyẹn. Fíìmù ti dúró láìjẹ́ pé wọ́n mú iná, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí à ń ṣe lẹ́yìn irú ìyẹn. Bàbá mi gbá tábìlì.

"Ó ti parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe é létòlétò."

Àlàájì Télọ̀ ló kọ́kọ́ nawọ́. Ará Ọ̀yọ́ ni, òun ló wà ní yàrá iwájú. Kò tíì rí Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n ó ti rán aṣọ fún ẹni tó lọ, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Àlàájì.

"Alága, ìbéèrè tèmi kéré. Ta ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin yẹn? Ayé ti bàjẹ́, wọ́n ń jẹ èèyàn níta, kọ́là ẹ̀ dúró gbọin. Níbo ló ti rí áyọ́ọ̀nù?"

"Jẹnẹrétọ̀ wà lókè," ni bàbá mi wí.

"Epo ńkọ́? Ta ló ń ta epo fún wọn? Àwa tí ayé wa ò tíì parí, ta ló rí epo rà lọ́sẹ̀ yìí?"

Yàrá gbẹ̀rín. Ìyá mi ní òun náà ní tòun, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin obìnrin yẹn ò fi iyọ̀ sí ohunkóhun, ọmọ náà ò sì yọ ẹnu sọ̀rọ̀. Irú ọmọ wo nìyẹn? Ìyá àgbà béèrè pé ìjọba ibẹ̀ dà, ṣé kò sí ṣọ́jà kankan ní gbogbo ìlú náà ni, àbí àwọn ló kọ́kọ́ kó àrùn? Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó dìde, ó lọ ti fèrèsé tó kọjú sí òpópónà.

"Màámi, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe."

"Fíìmù ni mò ń sọ."

"Mo mọ̀, mà. Àwọn ò ní mọ̀."

Ìgbà náà ni ìyá àgbà béèrè ìbéèrè tó jẹ́ kí n mọ̀, bó tilẹ̀ pẹ́ kí n tó mọ̀ pé mo mọ̀, pé ọ̀mọ̀wé ni. Ó ní, "Kí ló dé tí obìnrin yẹn kò ní kí ó ki oríkì òun? Àrùn lè mọ orúkọ èèyàn. Ibo ló ti fẹ́ mọ oríkì? Bó bá jẹ́ ọkọ rẹ̀ lóòótọ́, á kì í bó ṣe ń kì í láàárọ̀." Yàrá hó. Àwọn kan dìde dúró. Àlàájì Télọ̀ ní òyìnbó ò ní oríkì, pé òun bá wọn ṣiṣẹ́ rí ní Allen Avenue.

"Ṣòkòtò kan lẹ rán fún wọn," ni ìyá mi wí.

"Méjì ni."

A rẹ́rìn-ín lórí ìyẹn títí tí a kò fi tètè rí i pé Màmá Ràṣídì ti nawọ́ sókè. Ó na ọwọ́ bí ọmọ ilé ìwé, ọ̀rá bisikíìtì ṣì wà nínú rẹ̀. Bàbá mi ní kó sọ̀rọ̀.

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn?" ló béèrè.

Ẹ̀rín tán. Gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe obìnrin inú fíìmù nìkan ló ń béèrè fún. Àwọn kan ní ọkọ rẹ̀ ni. Àwọn kan ní Apenijẹ ni, pé ó ti jẹ ọkọ náà, ohùn rẹ̀ ló kù. Bí àwọn kejì yìí ti ń sọ ọ́ ni wọ́n ń wo ojú Màmá Ràṣídì tí ohùn wọn sì ń lọ sílẹ̀. Bọ̀dá Fẹ́mi ló wá gba gbogbo wa sílẹ̀, tàbí ó rò bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ pé Bọ̀dá Fẹ́mi jáde ní yunifásítì kò ní láti bi í. Ó ń sọ ọ́ kó tó kí èèyàn. Ó ti sin ìjọba gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀ tán, ó ń wáṣẹ́ kiri láti Onígbòǹgbò dé Aláúsá, ó sì ń de táì lọ́jọ́ Àìkú kí iṣẹ́ má baà dé bá a láìmúra.

"Ẹ jọ̀ọ́, inú ìwé ni wọ́n ti yọ fíìmù yìí. Mo ka ìwé náà ní yunifásítì, ó jinlẹ̀ jù ú lọ. Òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ìparí tí kò parí ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

"Wọ́n sanwó fún un tán, kò wá parí iṣẹ́?" Àlàájì Télọ̀ dìde. "Témi bá rán ẹ̀wù fún ọ, Fẹ́mi, tí mi ò fi apá kan sí i, ṣé wàá ní ó jinlẹ̀?"

Ọjọ́ kejì, mo ń fa omi nínú kànga lẹ́yìn ilé, Bọ̀dá Fẹ́mi sì ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tó ní. Màmá Ràṣídì wá dúró tì í. Ó ju Bọ̀dá Fẹ́mi lọ dáadáa, ṣùgbọ́n nítorí ìwé tó kà, ó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá Fẹ́mi. Ìwé yẹn. Nínú ìwé yẹn, ta ló ń kanlẹ̀kùn?"

"Ṣé ẹ rí i, mà, òǹkọ̀wé fẹ́ ká ronú ni."

"Mo ti ronú. Mi ò ṣe nǹkan míì. Ẹ̀yin lẹ kà á. Ẹ sọ fún mi."

Bọ̀dá Fẹ́mi wo ọṣẹ tó ń hó lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó dáhùn ìbéèrè láìfi yunifásítì ṣáájú.

"Ọkọ rẹ̀ ni."

"Ó wọlé?"

"Ó wọlé."

"Ara ẹ̀ pé?"

"Ó... ó rù díẹ̀."

"Ẹ ṣeun," ni Màmá Ràṣídì wí. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Bọ̀dá Fẹ́mi fọ kọ́là kan ṣoṣo yẹn títí omi fi tán nínú báàfù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, awakọ̀ kan tó ń ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Agége yà sílé wa, ó ní Làmídì ní kí àbúrò òun máa palẹ̀ mọ́, Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Màmá Ràṣídì ní kó sọ fún un pé òun kò lọ. Kò ṣàlàyé. Àlàyé náà ni gbogbo ilé ń sọ fún ara wọn nídìí sítóòfù: Bọ̀dá Fẹ́mi ti sọ fún un pé ó wà nínú ìwé. Ó dùn wá, ó sì bà wá lẹ́rù. Ìyá àgbà ò lè jẹun dáadáa. Ó ní, "Ẹ ti fi ìwé òyìnbó so obìnrin mọ́lẹ̀. Bí ọkùnrin yẹn ò bá dé ńkọ́? Ṣé ibẹ̀ ni kó jókòó sí títí irun rẹ̀ á fi funfun?" Bàbá mi pe Bọ̀dá Fẹ́mi sínú yàrá, ó bi í bóyá òótọ́ ló ka ìwé náà. Bọ̀dá Fẹ́mi ní òótọ́ ni. Bàbá mi, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn tó ń sọ pé fáìlì wà lórí tábìlì ọ̀gá, wò ó lójú, kò sì bi í mọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa jókòó. Fíìmù kan náà ni a tún fẹ́ wò, nítorí Àlàájì Télọ̀ ní òun fẹ́ tún kọ́là yẹn wò dáadáa. Kí bàbá mi tó ṣí aṣọ tẹlifíṣọ̀n, Ṣẹ́gun Fídíò wọlé, kásẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́wọ́, ó ń lágùn.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará. Téèpù ló kúrú. Fíìmù yẹn gùn ju téèpù tí mo dà á sí lọ, kò gbà á tán. Ìparí ẹ̀ rèé. Àwọn oníbàárà mi tó kù ń bú mi láti àná."

Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó yé wa. Gbogbo ìjìnlẹ̀ tí Bọ̀dá Fẹ́mi ti rí, téèpù ni. Òǹkọ̀wé kò fi ohunkóhun sílẹ̀. Ṣẹ́gun ló fi sílẹ̀. Àlàájì Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín kan tí kò lè parí, ó di ògiri mú. Bàbá mi gba kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó ti fi í sẹ́nu fídíò nígbà tí Bọ̀dá Fẹ́mi dìde, táì rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Kí wọ́n tó wò ó." Kò wo alága; ẹnu ọ̀nà ló ń wò. "Màmá Ràṣídì, mi ò ka ìwé náà. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ ní láíbúrárì. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn."

Mo ti rí àwọn èèyàn tó ní oyè ju tirẹ̀ lọ láti ìgbà náà, tí wọ́n kọ ìwé lórí ìwé tí wọn kò kà, mi ò sì tíì rí ọ̀kan tó dìde láàárín yàrá tó kún láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo yẹ́ ẹ sí títí di òní, pẹ̀lú táì rẹ̀.

Màmá Ràṣídì di ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó jù ú sínú àpò.

"Mo mọ̀," ló wí. "Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀. Ìwọ tí wọ́n bá bi ọ́ pé aago mélòó ló lù, yunifásítì ni wàá fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn o kàn ní ọkọ rẹ̀ ni. Mo ní irọ́ lèyí, àmọ́ ọmọ dáadáa ló ń pa á."

"Kí ló wá dé tí ẹ gbà á?" ni bàbá mi béèrè.

"Mi ò gbà á. Mo fẹ́ gbọ́ ọ ni. Kò sẹ́nì kankan nínú yín tó tíì bá mi sọ ọ́ rí pé ó ti dé. 'Á dé, á dé, lágbára Ọlọ́run.' Gbogbo ìgbà. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa rí lára mi tí wọ́n bá ní ó ti dé. Mo wọlé, mo jókòó. Mo ní ó ti dé o, ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó rù díẹ̀. Mo wá ń dúró kí inú mi dùn." Ó mú ọ̀rá mìíràn. "Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, níbo ni mo fẹ́ kó àpò bisikíìtì mi sí kó tó rí ibi sùn?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pa ẹnu mọ́, nítorí òun kò rẹ́rìn-ín.

"Inú mi dùn náà nígbà tó yá. Ẹ má rò pé mi ò fẹ́ ẹ. Mo sunkún. Àmọ́ bisikíìtì ló kọ́kọ́ wá. Àṣé ó ti pẹ́ tí kì í ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀ ni mò ń ṣọ́ mọ́. Ilẹ̀kùn tèmi ni. Mi ò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ torí pé ibí ni mò ń gbé. Kì í ṣe torí ìwé, kì í ṣe torí ọkùnrin. Ẹ fi fíìmù yín sí i."

Ìyá àgbà na ọwọ́ sí i láti orí àga rẹ̀, ó gba ọ̀rá díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a di bisikíìtì.

A wo ìparí náà. Ta ni a jẹ́ tí a kò fi ní wò ó? Ó gùn, ó sì burú. Ẹni tó ń kanlẹ̀kùn jẹ́ ọ̀gá ṣọ́jà kan tí a kò rí rí láti ìbẹ̀rẹ̀, tó gbohùn ọkọ náà sínú rédíò. Ó wọlé, ó tẹ́ máàpù, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: ibi tí àrùn ti wá, ẹni tó fà á, ohun tí ìjọba ń ṣe sí i, ìdí tí àwọn ará ìlú fi gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Ó sọ̀rọ̀ títí. Bàbá mi túmọ̀ díẹ̀, ó sú u. Ìyá àgbà ní, "Èyí wá dé níbẹ̀ náà?" bàbá mi sì tún lọ ti fèrèsé. Gbogbo ìbéèrè wa ló dáhùn, àyàfi ti áyọ́ọ̀nù, kò sì sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn. Nígbà tó parí, Àlàájì Télọ̀ dábàá pé kí ìpàdé má gba ìparí yìí wọlé. Wọ́n dìbò, ìbò kan ṣoṣo tí mo rí ní gbogbo ọdún ológun yẹn tí wọn kò fagi lé. Ti téèpù kúkúrú ló wọlé. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo ti rò ó bọ̀ láti ìgbà tí mo ti dàgbà, mo sì rí i pé wọ́n dìbò dáadáa. Wọn kò fẹ́ ẹni tó máa wá ṣàlàyé ayé wọn fún wọn. Wọ́n ti ní irú rẹ̀ púpọ̀ lórí rédíò. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni ilẹ̀kùn kan tí wọ́n tì, àti ààyè láti jiyàn lórí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Títí tí àwa fi kó kúrò nílé náà, Bàbá Ràṣídì kò dé, kò sì sẹ́ni tó ní ó kú. Ṣùgbọ́n Làmídì dé. Ọjọ́ kejì Iléyá ni, ó gbé ẹran dání fún gbogbo ilé, ohùn rẹ̀ ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ó bá àpò ńláńlá tí wọ́n tò sẹ́nu yàrá àbúrò rẹ̀, Ràṣídì jókòó sórí wọn. Ojú Làmídì mọ́lẹ̀.

"Ẹ rí i! Wọ́n ní o ní o ò lọ mọ́. Mo ní irọ́ ni, àbúrò mi kì í ṣe olórí kunkun. O ti palẹ̀ mọ́!"

Ó bọ́ agbádá Iléyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpò sínú píkọ́ọ̀bù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ó kó wọn tán, ó ń mí hẹlẹ. Ó ní ẹrù aṣọ náà fúyẹ́ ju bí òun ṣe rò lọ, ó sì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Màmá Ràṣídì jáde, ó ti yàrá rẹ̀, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí aṣọ, ó gòkè sí iwájú ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀nà ojú irin ni ká gbà. Àwọn oníbàárà mi ń dúró dè mí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè máa lọ sílé."

Làmídì wo àpò bisikíìtì náà, ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo gbogbo wa tí a ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni ń wo fíìmù. Ìyá àgbà ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ti ń fi ìborùn bo ẹnu. Ọkùnrin náà jókòó sídìí ìwakọ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ìbínú ti tán nínú ohùn rẹ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí. Tó o bá ń jáde báyìí láràárọ̀, tí ọkọ ẹ wá dé ńkọ́?"

"Á kanlẹ̀kùn," ni Màmá Ràṣídì wí. "Bí mo bá wà nílé, màá bi í pé ta ni."